Ìfiwéra ọ̀nà márùn-ún tí a lè gbà tún ọ̀nà afẹ́fẹ́ ọkọ̀ ṣe nílé, fún àwọn awakọ̀ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí Ojúde Ọba bá ti ń kù sí dẹ̀dẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì wọn bóyá kí àwọn yọ àpótí fílítà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó bá ọkọ̀ wá, kí àwọn sì fi páìpù dídán àti fílítà ńlá dípò rẹ̀, kí ọkọ̀ lè máa bú ramúramù bí wọ́n bá ń kọjá. Ti àwọn tó ń wakọ̀ láti Ṣàgámù tàbí Ìpẹru lọ sí Èkó lójoojúmọ́ yàtọ̀: owó epo ló ń dùn wọ́n, wọ́n sì ti gbọ́ pé bí afẹ́fẹ́ bá ń ráyè wọlé dáadáa, epo tí ọkọ̀ ń jẹ yóò dín kù. Iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì fẹ́ ṣe, iṣẹ́ tí ènìyàn lè fi síkírù-díráfà àti sípánà nọ́ńbà 10 ṣe nínú ọgbà ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó yẹ kí oníkálukú wọn rà kò dọ́gba.

Ọ̀nà márùn-ún ló wà. A lè fi àpótí sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a kàn máa pààrọ̀ fílítà oníbébà inú rẹ̀ lásìkò. A lè fi fílítà òwú àfọ̀túnlò sínú àpótí kan náà. A lè gé àpótí tàbí kí a yọ nǹkan kúrò lára rẹ̀. A lè yọ àpótí dànù, kí a gbé fílítà tí kò ní ìbòrí sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. A sì lè fa páìpù gígùn lọ sí ẹ̀yìn bọ́ńpà, kí fílítà máa wá afẹ́fẹ́ tútù níbẹ̀. Ọkọ̀ tí mo ní lọ́kàn jù bí mo ṣe ń kọ èyí ni Toyota Corolla oní-lítà 1.8 tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2008, nítorí pé ó wà lára àwọn tó pọ̀ jù lójú títì wa.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Eruku ni mo fi ṣáájú, nítorí ibi tí a ń gbé. Bí ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 bá ń yí ní ìgbà 6,000 ní ìṣẹ́jú kan, afẹ́fẹ́ tó ń fà láàárín ìṣẹ́jú náà sún mọ́ lítà 5,000. Lítà epo kan ṣoṣo sì nílò afẹ́fẹ́ tó tó lítà 9,000 kí ó tó lè jóná tán. Ẹ wá gbé ìṣirò yẹn lọ sí oṣù Ṣẹrẹ, nígbà tí ọyẹ́ bá mú, lójú ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó wọ àwọn abúlé tó yí Ìjẹ̀bú-Igbó ká, pẹ̀lú ọkọ̀ agbégẹdú kan níwájú yín. Iyanrìn kíkúná tó wà nínú eruku yẹn le ju irin tí wọ́n fi ṣe ògiri sílíńdà lọ. Bó bá kọjá fílítà, yóò bá ọ́ìlì pò, yóò sì máa ha ríìngì àti ògiri sílíńdà díẹ̀díẹ̀, títí ọkọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín búlúù, tí ọ́ìlì yóò sì máa lọ sílẹ̀ láìjò síta.

Ìkejì ni bí afẹ́fẹ́ náà ṣe gbóná tó. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́: bí ó bá kúrò ní 30°C tó dé 60°C, ìwọ̀n rẹ̀ nínú àyè kan náà yóò dín ní bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, agbára tí ẹ́ńjìnnì lè mú jáde nígbà tí a bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ pátápátá yóò sì dín kù bákan náà. Nítorí náà, fílítà tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ púpọ̀ kọjá, ṣùgbọ́n tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì gbígbóná, lè fi ọwọ́ ọ̀tún fúnni kí ó sì fi tòsì gbà á padà.

Ìkẹta ni sẹ́ńsọ̀ MAF, èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, tó wà lẹ́yìn fílítà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota. Wáyà tín-ín-rín kan tó gbóná ló wà nínú rẹ̀; bí afẹ́fẹ́ tó ń kọjá ṣe ń mú un tutù ni brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, fi ń mọ iye tó wọlé, tí yóò sì fi pinnu iye epo tí yóò tú sí i. Ìṣirò yẹn dá lórí ìbú páìpù tí sẹ́ńsọ̀ náà jókòó sí. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú páìpù oní-mìlímítà 60, tí ẹ gbé e sínú oní-70, ojú ihò ti fẹ̀ sí i ní ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún, afẹ́fẹ́ kan náà yóò máa rọra kọjá lára wáyà, sẹ́ńsọ̀ yóò sì máa jábọ̀ iye tó fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin kéré sí òótọ́. Epo tí brain box bá tú yóò kéré. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lára ẹ̀sọ́ọ̀sì lè bá a tún un ṣe nígbà tí a bá ń rọra wakọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá tẹ tọ́tù mọ́lẹ̀ tán, brain box kì í tẹ́tí sí i mọ́, ìgbà yẹn gan-an sì ni ẹ́ńjìnnì nílò epo jù. Kóòdù P0171 tí àwọn rewáyà máa ń rí lára irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àmì pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ohun tó ń sọ ni pé afẹ́fẹ́ tó wọlé pọ̀ ju èyí tí wọ́n kà lọ. Àwọn Honda kan, bíi Civic 2001 sí 2005, kò lo MAF rárá, MAP, sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn ìfúnpá afẹ́fẹ́, ni wọ́n ń lò, nítorí náà wàhálà ìbú páìpù kò kan àwọn náà tó bẹ́ẹ̀.

Omi ni ìkẹrin, n óò sì fi í sílẹ̀ di ìgbà tí a bá dé ọ̀dọ̀ páìpù gígùn.

Ní ti owó, ó yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ epo kí a tó lọ síwájú, nítorí òun ni wọ́n fi ń ta ọjà yìí jù. Nígbà tí a bá ń wakọ̀ jẹ́jẹ́, ohun tó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ kì í ṣe fílítà; abala irin pẹlẹbẹ inú tọ́tù bọ́dì, ẹnu ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, ni, èyí tí ẹsẹ̀ wa fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Kò sí fílítà tó lè ṣí i. Ní 2009, ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tó wà ní Oak Ridge dán ọkọ̀ oní-brain box wò pẹ̀lú fílítà tó dí, wọ́n sì rí i pé epo tí ọkọ̀ ń jẹ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré rẹ̀ lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé òpin. Bí fílítà tó dí kò bá jẹ epo kún, fílítà olówó ńlá kò ní rí epo kankan gbà padà fún wa. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan kan nítorí epo nìkan lè dá owó rẹ̀ dúró láti ìsinsìnyí.

Àpótí tó bá ọkọ̀ wá, pẹ̀lú fílítà oníbébà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ ra afẹ́fẹ́ tútù ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó láìmọ̀ pé òun ni ọkọ̀ wọn ti ń fà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo ibi tí ẹnu àpótí fílítà kọjú sí: lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ó yọ ẹnu sí iwájú tàbí sínú fẹ́ńdà, nítòsí iná iwájú, níbi tí afẹ́fẹ́ ìta ti ń wọlé láìtíì kan rédíétọ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì. Ó tún ga kúrò nílẹ̀ dé àyè tí àgbàrá lásán kò fi lè dé ibẹ̀.

Owó rẹ̀ kéré, òun ló sì ń sẹ́ eruku jù nínú márààrún bí fílítà náà bá jẹ́ ojúlówó. Toyota ní Amẹ́ríkà ní kí a máa pààrọ̀ fílítà ní nǹkan bíi kìlómítà 48,000, kí a sì tètè pààrọ̀ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ bí ọ̀nà bá jẹ́ eléruku. Ọ̀nà wa jẹ́ eléruku. Ìdajì iye yẹn ni èmi yóò pè fún ẹni tó ń rìn lórí ọ̀dà, kò sì ní tó ìdajì fún ẹni tó ń wọ oko. Kí oníkálukú sì ṣí àpótí wò nígbà tí ọyẹ́ bá ń kógbá wọlé.

Ohun tó ń ba fílítà oníbébà jẹ́ lọ́dọ̀ wa ni ẹ̀rọ fọ́kánáísà. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fọn táyà le débi pé ó lè lu bébà náà ní ihò tí ojú kò lè rí, pàápàá bí wọ́n bá ń fọn ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ tó dọ̀tí wọnú. Fílítà tó ti gbé eruku díẹ̀ tilẹ̀ ń sẹ́ eruku ju tuntun lọ, nítorí náà kò sí ohun tí a ń lé tí a fi ń fọn ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́, tàbí kí ẹ ra òmíràn.

Àyẹ̀wò kan wà tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ohunkóhun. Ẹ tú kílíìpù họ́ọ̀sì rọ́bà tó so àpótí mọ́ tọ́tù bọ́dì, ẹ wé áńkáṣíìfù funfun mọ́ ìka, kí ẹ sì fi nu inú họ́ọ̀sì náà yíká. Bí ìlà ọ́ìlì dúdú díẹ̀ bá bá a jáde, kò burú. Láti inú họ́ọ̀sì kékeré tó ń gbé atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì wá ni. Ṣùgbọ́n bí áńkáṣíìfù bá pọ́n, tí iyanrìn sì ń ta ìka bí ẹ bá fi ìka méjì ra á, eruku ti rí ibì kan gbà wọlé. Ó lè jẹ́ pé etí rọ́bà fílítà kò bá ẹnu àpótí mu, bíi ti ọ̀pọ̀ ayédèrú tó wà lọ́jà, tàbí kí kílíìpù àpótí kan ti kán, tí ideri rẹ̀ kò fi jókòó dáadáa. Ó sì lè jẹ́ pé họ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ ti sán nínú àwọn ìṣẹ́po ara rẹ̀, níbi tí ojú kò ti lè tó o àyàfi bí a bá fà á gùn. Lára ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó ti pẹ́, ìsán yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ó ń gba eruku wọlé, ó tún ń gba afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ kò kà wọlé, ẹni tó bá sì pààrọ̀ họ́ọ̀sì náà lè rí agbára tó rò pé páìpù tuntun ni yóò fún òun.

Fílítà òwú àfọ̀túnlò

Èyí máa ń wọ inú àpótí kan náà láìgé ohunkóhun. Òwú tí wọ́n fi ọ́ìlì rin ni; ọ́ìlì náà ló ń mú eruku. Iye rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mélòó kan ti oníbébà, ṣùgbọ́n a ó máa fọ̀ ọ́, a ó sì máa lò ó fún ọdún pípẹ́, nítorí náà owó rẹ̀ lè padà wá fún ẹni tó ń rìn jìnnà. Afẹ́fẹ́ ń kọjá nínú rẹ̀ dáadáa, àǹfààní ìyẹn sì ń hàn díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré gan-an. Lára Corolla 1.8 tó ń ná márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, n kò rò pé ẹsẹ̀ awakọ̀ yóò mọ̀ ọ́n. Lápapọ̀, eruku tó kúná ń kọjá nínú òwú ju bó ṣe ń kọjá nínú bébà tó dára lọ, èyí sì ni mo ní sí i jù.

Ìtọ́jú rẹ̀ ni iṣẹ́. Ọ́ìlì tirẹ̀ ló ń lò, kì í ṣe ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ́kù nínú gálọ́ọ̀nù. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, yóò fò lọ bá wáyà sẹ́ńsọ̀ MAF, eruku yóò lẹ̀ mọ́ ọn, ọkọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ó bá dúró. Síprẹ́è tí wọ́n ṣe fún MAF nìkan ni kí a fi fọ̀ ọ́ nígbà náà, láìfi ìka tàbí búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Bákan náà, fílítà gbọ́dọ̀ gbẹ tán kí a tó fi ọ́ìlì sí i, láìlo ẹ̀rọ fọ́kánáísà. Nínú oṣù Òkúdù àti Agẹmọ, nígbà tí òjò Ìjẹ̀bú kì í dá, èyí tí a fọ̀ lálẹ́ kì í sábà gbẹ kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ẹni tó bá yàn án ní oníbébà kan nílé tí yóò máa fi rọ́pò.

Gígé àpótí tàbí yíyọ nǹkan lára rẹ̀

Òun ni kò ná ni ní nǹkan, òun náà ni kò mú nǹkan wá. Ìgbá ike tó dà bí àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu àpótí, tí ọ̀pọ̀ ń rò pé ó ń dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, wà níbẹ̀ láti pa ariwo ni. Bí a bá yọ ọ́, ariwo ni a ó gbọ́. Bí ẹ bá sì máa dá ihò sára àpótí lọ́nàkọnà, kí ó jẹ́ ní ìsàlẹ̀, ṣíwájú fílítà, nítorí pé ihò tó bá wà lẹ́yìn fílítà ti sọ fílítà di ohun ọ̀ṣọ́. Ti ìsàlẹ̀ náà ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná inú bọ́nẹ́ẹ̀tì, a kò sì lè dá a padà.

Fílítà tí kò ní àpótí, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì

Èyí ni àwọn ọmọ Ojúde Ọba ń wá. Páìpù kúkúrú kan àti fílítà tó rí bí òkòtó, kílíìpù méjì tàbí mẹ́ta, iṣẹ́ ti parí. Ariwo rẹ̀ dùn, n kò ní jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ mọ ibi tó ti wá: ẹ́ńjìnnì ti ń pa ariwo yẹn tẹ́lẹ̀, àpótí ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Etí máa ń tan ẹsẹ̀ jẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ sì ń búra pé ọkọ̀ àwọn ti ń sáré sí i nígbà tó jẹ́ pé ó kàn ń sọ̀rọ̀ sókè ni.

Ooru ni ìṣòro rẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ ẹnu OBD, ibi tí àwọn rewáyà ti ń ka kóòdù, lábẹ́ sitíárìn, tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, kí ẹ ṣí ibi tó ti ń ka ìgbóná afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Bí ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní oríta Ṣàgámù lọ́sàn-án, ẹ ó máa wo bí nọ́ńbà náà ṣe ń gòkè. Bí ọ̀nà bá ṣí, yóò máa bọ̀ sílẹ̀. Ọkọ̀ tó ní àpótí náà ń gòkè, ṣùgbọ́n èyí tí kò ní máa ń gòkè jù, ó sì ń pẹ́ kó tó bọ̀ sílẹ̀. Pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù tí panẹli-bítà bá tẹ̀ yí fílítà ká, tó sì ga kan bọ́nẹ́ẹ̀tì, ń dín èyí kù dáadáa, owó rẹ̀ kò sì pọ̀.

Bí ẹ bá máa rà á, ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín gan-an, tí ibi ìjókòó sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ bá ti àtilẹ̀wá dọ́gba. Àwọn kan ń fi páìpù omi PVC tí àwọn púlọ́ńbà ń lò ṣe tiwọn nílé. Ooru lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì ń mú un rọ̀, bí a kò bá sì fọ ìdọ̀tí ibi tí a gé mọ́ dáadáa, èérún rẹ̀ yóò wọ ẹ́ńjìnnì lọ tààrà. Ẹ má sì gbàgbé họ́ọ̀sì kékeré tó ti orí ẹ́ńjìnnì wá: ó gbọ́dọ̀ ní ojú ibi tí yóò wọ̀ lára páìpù tuntun náà. Ẹni tó bá fi ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu ti ṣí ilẹ̀kùn fún eruku.

Páìpù gígùn tó lọ sí ẹ̀yìn bọ́ńpà

Bí a bá ń sọ nípa agbára lásán, òun ló ga jù nínú márààrún, nítorí pé ó ń kó afẹ́fẹ́ púpọ̀ àti afẹ́fẹ́ tútù wá pọ̀. Owó rẹ̀ ló pọ̀ jù, iṣẹ́ rẹ̀ ló le jù, a sì sábà máa ń tú bọ́ńpà tàbí rọ́bà inú fẹ́ńdà kí ó tó wọlé. Fílítà rẹ̀ wá jókòó sí ibi tí táyà ń ta eruku àti ẹrẹ̀ sí.

Omi ni kò jẹ́ kí n lè sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi wakọ̀ lójoojúmọ́ níhìn-ín. Nínú Corolla 1.8 tí a ń sọ, nígbà tí písítìnì bá gòkè dé òpin, àyè tó kù lókè rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlílítà 50. Omi kò ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé omi tí kò ju ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́rin lọ tó láti dá písítìnì dúró lójijì, tí kọnrọ́ọ̀dù, ọ̀pá irin tó ń gbé písítìnì, yóò sì tẹ̀. Ìṣàn òjò ọ̀sán kan tó kún gọ́tà, tí awakọ̀ rò pé òun lè là kọjá, ti tó fún fílítà tó wà ní ìwọ̀n gíga bọ́ńpà. Wọ́n ń ta fáàfù kan tó máa ń ṣí lókè bí fílítà bá rì, ó sì ń ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọkọ̀ di ọkọ̀ ojú omi. Bí ọkọ̀ bá kú nínú omi pẹ̀lú irú páìpù yìí, ẹ má ṣe gbìyànjú láti tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n sì tú púlọ́ọ̀gì wò kí kọ́kọ́rọ́ tó tún yí.

Ta ni kí ó mú èwo

Ẹni tó ń lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn lójoojúmọ́, àti ẹni tó ń fi ọkọ̀ gbé èrò láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ẹ̀pẹ́: kí wọ́n fi àpótí sílẹ̀, kí wọ́n ra fílítà oníbébà gidi, kí wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò áńkáṣíìfù. Ẹni tó ń wọ oko tàbí pápá ìlàgẹdú kò ní yíyàn mìíràn lójú tèmi, kí ó sì máa gbé fílítà kan sínú bóòtù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Fílítà òwú wà fún ẹni tó ń rin ìrìn jíjìn lórí ọ̀dà, tó sì ní sùúrù láti fọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ. Bí ẹnì kan bá ń fún ọmọọṣẹ́ mẹkáníìkì ní iṣẹ́ náà ṣe, kí ó má ṣe rà á.

Gígé àpótí kò yẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ariwo, tó sì mọ̀ pé ariwo ni òun ń rà, lè gbé fílítà tí kò ní àpótí sínú ọkọ̀ pẹ̀lú pẹlẹbẹ alumíníọ̀mù rẹ̀, kí ó lò ó fún ọdún Ojúde Ọba, kí ó sì dá ti àtilẹ̀wá padà kí ọyẹ́ tó dé. Páìpù gígùn wà fún ọkọ̀ kejì nínú ilé, èyí tó lè jókòó sínú gáréèjì láti oṣù Igbe títí òjò yóò fi dá. Ẹnikẹ́ni tó bá yan èyíkéyìí nínú méjì yìí, kí ó kó àpótí àtilẹ̀wá, họ́ọ̀sì rẹ̀ àti gbogbo kílíìpù rẹ̀ sínú àpò kan, kí ó sì tọ́jú wọn sílé, nítorí pé ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la yóò bi í ni ibi tí wọ́n wà.